Afẹ́fẹ́ Tútù Tàbí Afẹ́fẹ́ Ìta? Ìperí fún Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀

Nígbà tí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ọ̀sán gangan, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Bí ìta bá wà ní 30°C, afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lè tó 60°C tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí gan-an ni ẹ́ńjìnnì yóò fà sínú bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí ọ̀nà bá là, tí awakọ̀ sì fẹ́ sáré, ọkọ̀ náà yóò máa lọ́ra bí ẹni tí kò tíì jẹun. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ́tò ní ilẹ̀ púpọ̀ fi ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe àtúnṣe sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ wọn. Àwọn kan a fa páìpù gùn dé iwájú ọkọ̀; àwọn kan a fi páànù dínà ooru; àwọn mìíràn a fi aṣọ tí iná kì í jó wé páìpù náà.

Àlàyé lórí iṣẹ́ yìí pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá túmọ̀ orúkọ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ohun tí a ó rí ni "ọ̀nà afẹ́fẹ́ tútù". Ó ṣeé ṣe kí atúmọ̀ èdè rò pé iṣẹ́ òun parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, a ó rí i pé àṣìṣe méjì ni ó fara pamọ́ sínú wọn, àti pé ọ̀kan nínú àṣìṣe náà lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ kọjá àtúnṣe. Nítorí náà, kí a tó fún nǹkan yìí ní orúkọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí

Ẹ́ńjìnnì onígbèésẹ̀ mẹ́rin tí Nikolaus Otto ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1876 ni baba ńlá ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, písítìn a fa afẹ́fẹ́ wọ inú sìlíńdà. Ní ìkejì, yóò fún un pọ̀ pẹ̀lú epo. Ní ìkẹta, iná a mú àdàlù náà, yóò sì ti písítìn sísàlẹ̀. Ní ìkẹrin, písítìn a ti èéfín jáde. Bí ẹ́ńjìnnì tí àyè inú sìlíńdà rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 2 lítà bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, àyè tí ó ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú náà jẹ́ 3,000 lítà.

Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì nílò pọ̀ ju bí ojú ti lè rò ó lọ. Kí 1 kílógíráàmù bẹntiróòlù tó lè jóná tán bí ó ti yẹ, ó nílò nǹkan bíi 14.7 kílógíráàmù afẹ́fẹ́. Lítà kan bẹntiróòlù wúwo tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílógíráàmù. Afẹ́fẹ́ tí yóò jó o tán yóò sì wúwo tó 11 kílógíráàmù. Ní 30°C, afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ju 9,000 lítà lọ. Èyí ni pé afẹ́fẹ́ tí yóò kún àgbá 45, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba 200 lítà, ni lítà kan ṣoṣo epo yóò lò tán.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni pé ìwúwo ni a fi ń ṣírò afẹ́fẹ́ tí epo nílò, ṣùgbọ́n àyè ni písítìn fi ń wọ̀n ọ́n. Àyè inú sìlíńdà kì í yí padà. Ohun tí ó ń yí padà ni ìwúwo afẹ́fẹ́ tí ó kún un. Ní ọdún 1802, Gay-Lussac, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, ṣe àlàyé fún gbogbo ayé pé bákan náà ni gáàsì gbogbo ṣe ń gbòòrò bí ìgbóná wọn bá ń pọ̀ sí i. Lítà kan afẹ́fẹ́ ní 30°C wúwo tó 1.16 gíráàmù, ní 60°C, kò ju 1.06 gíráàmù lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ó fa afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sínú ti pàdánù nǹkan bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí iná tó mú un. Agbára rẹ̀ yóò dín kù pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdínkù agbára kì í fi gbogbo ìgbà bá ìdínkù ìwúwo dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, àdàlù tí ó ti gbóná jù tẹ́lẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà kí ọ̀wọ́ iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró kíkan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì nìyẹn, kò sì dára fún písítìn.

Ìwúwo kì í ṣe kíki

Báwo ni a ó ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá pé afẹ́fẹ́ tí kò gbóná ń wúwo ju èyí tí ó gbóná lọ, nígbà tí àyè wọn dọ́gba? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ni "ki". A máa ń sọ pé ẹ̀kọ ki, ọbẹ̀ ki. Kí ni kò ní jẹ́ kí a sọ pé afẹ́fẹ́ ki? Epo pupa ni yóò dá wa lóhùn. Epo pupa ki ju omi lọ, síbẹ̀ bí a bá da méjèèjì pọ̀ sínú ìgò, orí omi ni epo yóò léfòó sí. Kíki ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ́ra láti ṣàn. Kò sọ bí ó ṣe wúwo tó nínú àyè tí ó gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi "kíki" kọ́ yóò kùnà ní ọjọ́ tí a bá bi í léèrè ìdí tí epo fi ń léfòó.

"Afẹ́fẹ́ púpọ̀" náà kò tó. Ẹni tí ó bá kà á pé ẹ́ńjìnnì nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ yóò lọ ra páìpù tí ó fẹ̀, yóò sì gbé e sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan náà. Páìpù fífẹ̀ tí ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná kò tán ìṣòro yìí. "Ìwúwo-inú-àyè" ni ó sọ òtítọ́ náà láìfi nǹkan pamọ́: ìwúwo nǹkan tí ó wà nínú ìwọ̀n àyè kan. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé yóò lóye rẹ̀ bí a bá fi ìgò omi àti ìgò epo ṣe àpẹẹrẹ fún un.

Ooru yàtọ̀ sí ìgbóná

Ìṣòro kejì ni ti ooru àti ìgbóná. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀kan a máa dúró fún èkejì. Nínú sáyẹ́ǹsì, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ife omi híhó gbóná ju ìkòkò ńlá tí ó kún fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Síbẹ̀ ooru tí ó wà nínú ìkòkò náà lè pọ̀ ju ti inú ife lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tí tẹmómítà ń sọ ni ìwọ̀n ìgbóná. Ooru ni ohun tí ń ti ara nǹkan gbígbóná bọ́ sí ara èyí tí kò gbóná tó o.

Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò fi owó ṣòfò lórí ọkọ̀. Yóò fọwọ́ kan páìpù ọ̀nà afẹ́fẹ́, yóò rí i pé ó gbóná, yóò sì pinnu pé bí páìpù ṣe gbóná tó ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Nítorí náà yóò ra aṣọ àti bébà dídán, yóò fi wé páìpù náà láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ nínú páìpù. Kò ní àyè láti gba ooru púpọ̀. Wíwé páìpù wúlò díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń rọra wọlé. Ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, èrè rẹ̀ kéré. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti wọlé ṣe pàtàkì ju ara páìpù tí ó gbà kọjá lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn, àwọn Yorùbá sì mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irin tí alágbẹ̀dẹ bá ki orí rẹ̀ bọ iná yóò gbóná títí dé ìdí tí ó dì mú: ooru àfarakàn nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná lórí ààrò a máa gbé ooru gòkè lọ sí àjà: ooru àgbélọ nìyẹn. Ẹni tí ó ń yáná yóò rí i pé iwájú òun ń gbóná nígbà tí ẹ̀yìn òun kò mọ nǹkan kan: ooru ìtànṣán nìyẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, oògùn ọ̀kan kò sì ṣeé fi wo èkejì.

Ewu tí ó wà nínú "tútù"

Ní báyìí, ó kan ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù. "Tútù" ní Yorùbá kì í ṣe òdìkejì "gbígbóná" nìkan. Aṣọ tútù ni aṣọ tí omi wà lára rẹ̀. Igi tútù ni igi tí kò tíì gbẹ. Ẹja tútù ni ẹja tí a kò yan. Ilẹ̀ tútù ni ilẹ̀ tí ó rin. Bí a bá sọ fún mẹkáníìkì pé kí ó wá afẹ́fẹ́ tútù fún ẹ́ńjìnnì, ibi tí òye rẹ̀ lè darí rẹ̀ sí ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, níbi tí ilẹ̀ ti rin tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni omi ọ̀gbàrá ń gbà kọjá ní ìgbà òjò.

Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí ẹnu páìpù bá rì sínú omi, tí ẹ́ńjìnnì sì fà á wọ sìlíńdà, písítìn yóò gbéra láti fún ohun tí kò ṣeé fún pọ̀. Kọ́ńrọ́ọ̀dù tí ó gbé písítìn yóò tẹ̀ tàbí kí ó kán, nígbà mìíràn ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò là. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àṣìṣe nínú ìtumọ̀ yóò wá parí sí pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Àṣìṣe kejì inú orúkọ náà kò ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́. Kò sí páìpù tàbí páànù tí ó lè mú kí afẹ́fẹ́ tutù ju bí ó ti wà ní ìta lọ. Bí ìta bá jẹ́ 34°C, 34°C ni òpin ohun tí àtúnṣe àfọwọ́ṣe lè mú wá. Iṣẹ́ yìí kò mú afẹ́fẹ́ tutù. Ńṣe ni kò jẹ́ kí ó gbóná. Nítorí náà, orúkọ tí ó bá òtítọ́ mu jù ni "ọ̀nà afẹ́fẹ́ ìta". Níhìn-ín, Yorùbá lè sọ ọ̀rọ̀ náà tààrà ju èdè tí a ti ń túmọ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn àtúnṣe tí ó lérè

Bí a bá ti ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́, àlàyé iṣẹ́ náà yóò rọrùn. Èkínní ni kí a wo ohun tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ti ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, páìpù kan wà tí ó ń fa afẹ́fẹ́ ìta láti ẹ̀yìn iná iwájú tàbí láti òkè rádíétọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gbó, tàbí bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, páìpù yìí lè ti kán tàbí kí ẹnì kan ti yọ ọ́ dànù. Àtúnṣe tí kò wọ́n jù ni kí a dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Èkejì kan àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní kabúrétọ̀. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, bẹntiróòlù kì í tètè di gáàsì, yìnyín sì lè dì sí ọ̀fun kabúrétọ̀. Nítorí náà àwọn tí ó ṣe wọ́n fi páìpù kan fa afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀bá ọ̀nà èéfín, wọ́n sì fi ìdérí kékeré sí i tí ó lè yan gbígbóná tàbí ti ìta. Bí ìdérí náà bá há sí ìhà gbígbóná, ọkọ̀ yóò máa mu afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀sán Ìbàdàn. Kí a yí i sí ìhà ìta ni ó tọ́.

Ẹ̀kẹta ni asà ooru. Páànù alumínọ́ọ̀mù tí a gbé sí àárín ọ̀nà èéfín àti àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ yóò dá ooru ìtànṣán padà. Kò gbọdọ̀ fara kan ọ̀nà èéfín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru àfarakàn yóò gba ara rẹ̀ wọlé. Bí a bá lo páànù méjì, kí a fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Kí a sì dì í mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó má baà já lu bẹ́líìtì tàbí wáyà.

Ẹ̀kẹrin ni páìpù tuntun. Ẹnu rẹ̀ gbọdọ̀ wà níwájú rádíétọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ti gba inú rádíétọ̀ kọjá ti gba ooru kún ara. Ó gbọdọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gbàrá kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ ní kọ́ńkọ̀lọ́ púpọ̀. Páìpù oníke tí a fi ń fa omi wọ ilé a máa rọ̀ bí ìgbóná rẹ̀ bá súnmọ́ 80°C. Kí a má ṣe gbé e sí tòsí ọ̀nà èéfín. Lékè gbogbo rẹ̀, asẹ́ afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kí ihò kankan má sì ṣe wà láàárín asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì, nítorí eruku ọyẹ́ a máa ha sìlíńdà bí iyanrìn.

Àwọn kan a máa fi wáṣà gbé ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí ooru lè jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró, ooru àgbélọ yóò gba ibẹ̀ jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ a máa rọ́ jọ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ó sì lè gba àlàfo náà wọlé dípò kí ó jáde.

Bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́

Ìmọ̀lára awakọ̀ kò tó ẹ̀rí. Kí a fi tẹmómítà olókùn kan sínú àpótí asẹ́, kí a sì fi èkejì sí ìta níbi tí oòrùn kò ti pa á. Kí a kọ ìwọ̀n ìgbóná méjèèjì sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ geere, kí a tún kọ ọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a tún un ṣe ní ọ̀nà kan náà àti ní àkókò kan náà. Bí a bá yọ ti ìta kúrò nínú ti àpótí, ohun tí ó ṣẹ́kù ni a lè pè ní "àlékún ìgbóná". Bí àlékún náà bá jẹ́ 25 kí a tó ṣe àtúnṣe, tí ó sì di 8 lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ náà lérè. Bí kò bá yí padà, ọ̀ṣọ́ lásán ni a ṣe sí ọkọ̀ náà. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama lè ṣe ìdánwò yìí pẹ̀lú ọkọ̀ olùkọ́ wọn láàárín ọjọ́ méjì.

Àwọn ìperí tí a dábàá

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ tí ó kù ní ìhà ti ẹ̀rọ pọ̀ púpọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò:

Ọ̀nà afẹ́fẹ́: gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ìta dé sìlíńdà.
Afẹ́fẹ́ ìta: afẹ́fẹ́ tí ooru ẹ́ńjìnnì kò tíì kàn.
Ìwọ̀n ìgbóná: ohun tí tẹmómítà ń sọ.
Ooru: ohun tí ń ti ara nǹkan gbígbóná bọ́ sí ara èyí tí kò gbóná tó o.
Àlékún ìgbóná: iye tí ìgbóná nǹkan fi ju ti ìta lọ.
Ìwúwo-inú-àyè: ìwúwo nǹkan tí ó wà nínú ìwọ̀n àyè kan.
Asà ooru: ohun tí a gbé sí àárín nǹkan méjì kí ooru ọ̀kan má baà dé ara èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn méjì wọ̀n wọ́n wò. Atúmọ̀ èdè tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ lè kọ ọ́ báyìí: "Fi páìpù fa afẹ́fẹ́ tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀." Ẹni tí ó lóye iṣẹ́ náà yóò kọ ọ́ báyìí: "Fi páìpù gba afẹ́fẹ́ ìta wọlé, láti ibi tí ooru ẹ́ńjìnnì kò dé, tí omi kò sì lè dé." Kí a ka méjèèjì sí etí mẹkáníìkì tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì ní kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí yóò gbé ẹnu páìpù sí. Ibi tí ìka rẹ̀ bá tọ́ka sí ni yóò sọ fún wa bóyá ìperí wa péye.